Ògbufọ̀ èdè adití ò tó rárá: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ọwọ́lọ̀rọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, n ò lè gbé e mì mọ́.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ èdè adití ni mò ń ṣe. Ọdún kẹrìnlá mi rèé lẹ́nu ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́sàn-án ló wá mi tí mo ní kí wọ́n má bínú, àyè ò sí. Ọ̀kan fẹ́ lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀kan fẹ́ lọ jókòó níwájú àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ọ̀kan, ìyá rẹ̀ ló kú, ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n máa sọ níbi ìsìnkú. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí mo mọ bó ṣe máa rí. Á dúró síwájú pósí ìyá rẹ̀, wọ́n á máa rántí ìwà ìyá náà, gbogbo èèyàn á bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún nu omijé, òun á sì máa wo ojú wọn kiri, kó ṣáà lè mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín nínú ìtàn ìyá tó bí i.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé, "Ṣebí kẹ́ ẹ wá àwọn mìíràn kún ara yín." Ibo la ti fẹ́ rí wọn? WFD, ìyẹn àjọ àgbáyé tó kó ẹgbẹ́ àwọn adití jọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Rome lọ́dún 1951, sọ pé àwọn adití tó wà láyé lé ní mílíọ̀nù 70, èdè adití tí wọ́n ń sọ sì lé ní 300. Ẹ gbọ́ o, 300, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tó mọ èdè adití Amẹ́ríkà lè dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó máa wòran, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì kan náà làwọn tó ń gbọ́ràn ń sọ níbi méjèèjì. Nítorí náà, kò ṣeé ṣe láti yá ògbufọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò bí ẹni ń yá àkàbà.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí máa ń rò pé ọwọ́ la kàn ń jù. Nígbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ti dé orí gbólóhùn kẹta, èmi ṣì ń fi ọwọ́ sọ ìkejì lọ́wọ́, etí mi wà lọ́dọ̀ ìkẹta, ojú mi wà lára adití náà bóyá ó yé e. Ẹ wá wo èdè tiwa yìí. Ẹnì kan ní, "Ó ní ó ti sọ fún un kó tó lọ." Ta ló sọ ọ́? Ta ni wọ́n sọ ọ́ fún? Ta ló lọ? A lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lédè Yorùbá ká máa bá tiwa lọ. Nínú èdè adití, mo gbọ́dọ̀ gbé ẹnì kan sápá ọ̀tún, kí n gbé ẹnì kejì sápá òsì, kí ọwọ́ mi tó lè rìn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún. Bí n ò bá mọ ẹni tó ń jẹ́ "ó", n ò lè gbọ́wọ́ sókè. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń tán èèyàn lókun. Ìdí nìyẹn tí ògbufọ̀ méjì fi máa ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn ní ìṣẹ́jú 20 sí 30 bí ìpàdé bá gùn. Ẹ wá bi mí pé ìgbà mélòó ni wọ́n ń gbà láti pe èèyàn méjì.

Àwa mẹ́jọ la jọ parí ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan náà. Àwa méjì ló ṣẹ́ kù sẹ́nu iṣẹ́. Apá àti ọrùn ọwọ́ ló ń ro àwọn kan. Àwọn kan, ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu wọn kọjá ni ò jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn mọ́, torí bí adití bá ń ròyìn fún ọlọ́pàá bí wọ́n ṣe fipá bá òun lò pọ̀, ẹnu ògbufọ̀ lọ̀rọ̀ náà ti ń jáde, "mo" ló sì gbọ́dọ̀ máa sọ, kì í ṣe "ó". Àwọn yòókù, owó wákàtí tí wọ́n fi dúró síwájú èèyàn ni wọ́n ń gbà, kò sẹ́ni tó ka ìrìn àjò àti ìmúrasílẹ̀ kún un.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ká lọ kó ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ wá kọ́ṣẹ́, mo máa ń bi wọ́n pé, kí lẹ fẹ́ ṣe tí wọn ò fi ní sá lọ? Inú ajere là ń da omi sí. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ adití.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ ṣeun, àǹtí. Ọlọ́run ló ní kí n rí ọ̀rọ̀ yín lónìí.

A ní aláìsàn kan, obìnrin, adití ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 ló ń tẹ̀ lé e wá, òun ló ń ṣe ògbufọ̀. Gbogbo wa la máa ń yin ọmọ náà. Lọ́jọ́ Ẹtì, dókítà ní kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kókó tí wọ́n rí lè jẹ́ jẹjẹrẹ, pé wọ́n máa yọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ọmọ náà gbọ́wọ́ sókè, ó dáwọ́ dúró. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì padà sórí itan rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi ọwọ́ sọ nǹkan kékeré kan, kò pẹ́ rárá. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kí dókítà pé ó ṣeun.

N ò mọ èdè adití, àmọ́ mo mọ̀ pé ọmọ yẹn ò sọ ọ́. Nígbà tí mo sọ fún dókítà, ó ní ìyá náà ti mi orí, ó sì ti bọ́wọ́ lùwé. Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ni kí n ṣe? A ò ní ògbufọ̀ kankan níbi tá a wà. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà.

ỌmọAdití

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Èmi ni ọmọ yẹn.

Adití làwọn òbí mi méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí dókítà kan ní kí n sọ fún bàbá mi pé ọkàn rẹ̀ ti fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ ọ́. Mo mọ "ọkàn", mo mọ "rẹ̀". Mo sọ fún un pé, "Ó ti rẹ̀ ẹ́, lọ sinmi." Ó sinmi fún ọjọ́ kan, ó padà síbi iṣẹ́. Oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn náà ló ṣubú. Ọlọ́run yọ ọ́, ó ṣì wà láyé di òní yìí, ṣùgbọ́n ogún ọdún ni mo fi rò pé ọwọ́ mi ni ì bá pa á. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá mo mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń rán mi.

Ẹ jẹ́ kó yé àwọn dókítà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú lásán. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà tó rọ̀ mọ́ òfin ADA ti 1990, òfin tó ń gbèjà àwọn aláàbọ̀ ara, kò gbà kí ilé ìwòsàn gbára lé ọmọdé láti ṣe ògbufọ̀, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀ tí kò sì sí ògbufọ̀ nítòsí. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti dá ọjọ́ ẹ̀ kì í ṣe pàjáwìrì. Ọjọ́ mẹ́fà tó láti wá èèyàn.

Adéwálé_Tẹ́kì

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Mo ń fi ọ̀wọ̀ béèrè o: kí ló dé tí dókítà ò kọ ọ́ sínú ìwé kí obìnrin náà kà á? Tàbí kẹ̀, àwọn ètò orí fóònù tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di àkọsílẹ̀ ti wà, àwọn kan sì ń ṣe àwòrán èèyàn tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bí ògbufọ̀ ò bá tó, ṣé ẹ̀rọ ò lè dí àlàfo náà?

OjúNiMoFiŃGbọ́

Bọ̀dá Adéwálé, ìbéèrè yín dáa, ẹ jẹ́ kí n dáhùn torí adití ni mí láti inú oyún.

Yorùbá tí mò ń kọ yìí, èdè kejì mi ni. Ọdún pípẹ́ ni mo fi kọ́ ọ, ojú nìkan ni mo sì fi kọ́ ọ, n ò gbọ́ ọ rí. Ẹ fojú inú wò ó pé wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ́ èdè kan láti inú ìwé nìkan, látẹ̀yìn gíláàsì, láìgbọ́ ìró kankan. Àwọn adití kan kàwé dáadáa, àwọn kan ò ráyè lọ sílé ẹ̀kọ́ tó yẹ wọ́n. Bí dókítà bá wá kọ "ìwádìí fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jẹjẹrẹ" sínú bébà pélébé, ibi tí ẹni náà máa rí dì mú ni "kó jẹ́". Èdè wa kì í ṣe Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì tá a gbé sọ́wọ́. Ó ní ìlànà tirẹ̀. William Stokoe, onímọ̀ èdè kan ní Amẹ́ríkà, fi hàn lọ́dún 1960 pé èdè adití Amẹ́ríkà jẹ́ èdè gidi tó dá dúró. Àwa ti mọ̀ tipẹ́.

Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ni mo tìtorí ẹ̀ wá. Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ lókè dáa, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ bi obìnrin náà. Ẹ bi í. Ó lè mọ ògbufọ̀ tó fọkàn tán. Ó sì lè mọ èyí tí kò fẹ́ rí rárá, torí àwùjọ wa kéré, ògbufọ̀ tó wà níbi ìgbéyàwó mi lè jẹ́ òun náà ló máa wà nígbà tí dókítà bá ń yẹ ara mi wò. Ọ̀rọ̀ ara obìnrin sì ni, ó lè fẹ́ kó jẹ́ obìnrin.

Ẹ má sì mú ẹnikẹ́ni tó ní "mo gbọ́ díẹ̀díẹ̀". Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ mi kan wò nígbà kan. Ẹni tí wọ́n fi ṣe ògbufọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ èdè adití. Dókítà ní èsì náà "positive". Onítọ̀hún gbé àtàǹpàkò sókè, ojú rẹ̀ túká: ó dáa. Ọ̀rẹ́ mi dúpẹ́, ó lọ sílé. Oṣù mẹ́rin kọjá kó tó mọ̀ pé àrùn wà lára òun.

Tíṣà Àgbà

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ògbufọ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Adéwálé ọmọ mi, lórí àwòrán tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ yẹn, WFD àti WASLI, tó jẹ́ ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ògbufọ̀ èdè adití, jọ fẹnu kò lọ́dún 2018. Wọ́n ní a lè lò ó fún ìkéde tí kì í yí padà, irú èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àwọn adití níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Wọn ò fara mọ́ kí wọ́n fi rọ́pò èèyàn níbi tí ẹni méjì ti ń sọ̀rọ̀ síra wọn. Ìdí ẹ̀ ò le. Nínú èdè adití, ojú, ìpéǹpéjú, ẹnu àti èjìká wà lára gírámà. Ìpéǹpéjú tó gbé sókè ló sọ gbólóhùn di ìbéèrè. Èèyàn ló máa rí i pé ojú aláìsàn ti ṣú, tó máa dá dókítà dúró.

Ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, tó sì ń ṣe é dáadáa, ni pé kó gbé ògbufọ̀ tó jẹ́ èèyàn wá láti ọ̀nà jíjìn lórí fídíò. Ìyẹn máa ń gba ìrìn wákàtí mẹ́rin sílẹ̀ fún ìjíròrò ogún ìṣẹ́jú. Àmọ́ ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já, ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sójú, àti aláìsàn tó lè jókòó kó máa wòran. Ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀, tàbí tí wọ́n dojú ẹ̀ bolẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, kò rí fóònù wò.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ mí lógún nìyí. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé àìtó ògbufọ̀ kàn ṣẹlẹ̀ ni. Wọ́n dá a sílẹ̀ ni. Lọ́dún 1880, àwọn olùkọ́ adití pàdé ní ìlú Milan, wọ́n fìbò gbé e pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló sàn ju ọwọ́ lọ, pé kí wọ́n máa fi ẹnu nìkan kọ́ ọmọ adití. Ilé ẹ̀kọ́ lórílẹ̀-èdè púpọ̀ lé àwọn olùkọ́ tó jẹ́ adití dànù. Wọ́n ń so ọwọ́ ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń nà wọ́n bí wọ́n bá fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ọdún 2010 ni ìpàdé irú ẹ̀ kan náà, ní Vancouver, tó kọ ìpinnu Milan sílẹ̀. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín: 130. Bí ẹ bá fi àádóje ọdún lé olùkọ́ èdè kan kúrò níwájú pátákó, ta ló máa kọ́ ògbufọ̀ lọ́la? Ẹgbẹ́ ògbufọ̀ ti Amẹ́ríkà, RID, ọdún 1964 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọmọ adití, àbúrò adití àti pásítọ̀ ló ń ṣe é.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ògbufọ̀, àwọn adití tó lè kọ́ni lédè náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kẹ́ ẹ sì sanwó gidi fún wọn. Andrew Foster ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Adití ni, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, yunifásítì àwọn adití ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1954. Lọ́dún 1957 ó dé Ghana, kó tó sì kú lọ́dún 1987, ilé ẹ̀kọ́ adití tó dá sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà lé ní 30. Ẹnì kan ṣoṣo! Kì í ṣe ògbufọ̀ ló ń kọ́, ṣùgbọ́n àwọn adití tó jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ti àwọn tó tẹ̀ lé e ni wọ́n padà wá ń kọ́ àwa tó ń gbọ́ràn.

Ìyá Àdùkẹ́

Omijé bọ́ lójú mi níbi tí mo ka ọ̀rọ̀ ọmọ tó dá ọwọ́ dúró yẹn.

Ọmọ mi jẹ́ adití, ọdún mẹ́sàn-án. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń lọ, àwọn tó ń gbọ́ràn ló pọ̀ níbẹ̀, ògbufọ̀ kan ni wọ́n gbà fún un. Ní àárín táàmù, ògbufọ̀ náà ríṣẹ́ tó sàn, ó lọ. N ò bá a wí, torí owó tí wọ́n ń fún un kò tó nǹkan. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ọmọ mi fi jókòó sí kíláàsì tó ń wo ẹnu tíṣà. Mo ṣí ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ó ti da gbogbo ohun tó wà lójú pátákó kọ, títí kan orúkọ àwọn ọmọ tó ń pariwo. Kò mọ̀ pé ìyẹn ò sí lára ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tẹ́nì kan ò tíì sọ. Kódà nígbà tí ògbufọ̀ wà, bí wọ́n bá dé ibi ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, lẹ́tà lẹ́tà ló máa ń fi ìka sípẹ́lì ẹ̀, torí kò sí àmì fún un. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò lè fi ojú gbá lẹ́tà mẹ́rìnlá mú lẹ́ẹ̀kan.

Tíṣà Àgbà

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú ìfaradà. Wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn láwọn ibì kan. Ní Edinburgh, àwọn adití tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti olùkọ́ jókòó ti ara wọn láti ṣẹ̀dá àmì fún ọ̀rọ̀ físíìsì, kẹ́mísírì àti ìṣirò, wọ́n sì gbé e sórí fídíò kí ẹnikẹ́ni lè wò ó. Ẹ kíyè sí i pé àwọn adití tó mọ iṣẹ́ náà ló ṣe é. Ògbufọ̀ tó bá ń dá hun àmì fúnra rẹ̀ ní kíláàsì máa ń da ọmọ rú, torí ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ ní táàmù tó ń bọ̀ á tún hun tirẹ̀.

Bùsọ́lá

Ẹ má bínú, mo fẹ́ dá àbá kan. Nínú ìjọ wa, àwa mẹ́fà la ti ń kọ́ èdè adití láti ọdún tó kọjá, tọkàntọkàn la fi ń ṣe é. Kí ló dé tí a ò lè máa tẹ̀ lé àwọn adití lọ sílé ìwòsàn àti ilé ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, títí tí ìjọba á fi gba àwọn tó kọ́ṣẹ́? Ààbọ̀ ò ha sàn ju òfo lọ?

OjúNiMoFiŃGbọ́

Àǹtí Bùsọ́lá, ẹ ṣeun, ìfẹ́ yín hàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín gẹ́gẹ́ bí àbúrò.

Ní December 10, 2013, wọ́n ṣe ìrántí Nelson Mandela ní Johannesburg. Gbogbo ayé ń wò ó. Ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn olórí orílẹ̀-èdè gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀, ó ń ju ọwọ́ lọ, ó ń ju ọwọ́ bọ̀, kò sì sí ohun kan tí àwọn adití rí dì mú nínú gbogbo ẹ̀. Àwọn adití tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Àwọn tó ń gbọ́ràn tó gbé e síbẹ̀ kò mọ̀ rárá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ẹni tó ń gbọ́ràn máa ń rí ọwọ́ tó ń lọ, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé adití ti gbọ́. Ààbọ̀ ń ṣe bí odindi lójú dókítà. Òfo, ó kéré tán, dókítà mọ̀ pé òfo ni, á ṣì máa wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ ẹ má jókòó sílé o. Ẹ wá síbi tí a ti ń ṣeré. Ẹ bá àwọn màmá adití tí ọmọ wọn ti lọ sókè òkun sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ìjọ yín yòókù. Bí ẹni tó ń ta oògùn àti ẹni tó ń gba owó ní báǹkì bá lè bá mi sọ̀rọ̀ tààrà, n ò ní nílò ògbufọ̀ níbẹ̀, á sì ráyè lọ sí kọ́ọ̀tù. Nǹkan tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Ògbufọ̀ dáa, ṣùgbọ́n kí èmi pẹ̀lú èèyàn jọ sọ̀rọ̀ láìsí ẹnì kẹta, ó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bùsọ́lá

Mo gbọ́, mo sì gbà. Ẹ ṣé gan-an. A ó wá.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọwọ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún mẹ́ta ẹ̀kọ́ ògbufọ̀ ni. Ibi gbogbo tí mo kọ̀wé sí ló ní kí n mú ìrírí ọdún méjì wá. Ibo ni kí n ti rí ìrírí náà bí wọn ò bá gbà mí? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta ti lọ ṣiṣẹ́ míì. Ẹ ní ògbufọ̀ ò tó, èmi nìyí níta.

Ọwọ́lọ̀rọ̀

Àbúrò, ibi tí ajere ti ń jò jù lọ lo gbé ọwọ́ lé yẹn.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì lè dá dúró ní kọ́ọ̀tù, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó lè mú un dání ti kún fún iṣẹ́ débi tí kò ráyè. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan: bí mo bá gbaṣẹ́ tí kò léwu, bí ìpàdé òṣìṣẹ́ tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mo máa ń ní kí wọ́n sanwó ẹnì kejì, ẹni tuntun sì ni mo máa ń mú. Èmi ṣe ìdajì tó le, òun á ṣe ìyókù, lẹ́yìn náà a ó jókòó pẹ̀lú adití tó wà níbẹ̀ kó sọ ibi tí kò ti yé e. Adití ló ń máàkì wa. Kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, oṣù tó ń bọ̀ mo ní mẹ́rin irú ẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò ó pé ibo lowó ti máa wá, ẹ wo Finland. Òfin wọn ti 2010 fún adití kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán wákàtí 180 ògbufọ̀ lọ́dún, 360 fún ẹni tó jẹ́ adití tó tún fọ́jú. Ìjọba ló ń san án. Adití kì í tọrọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilé ìwòsàn kéékèèké ló ń dá gbé e. Nígbà tí wákàtí bá ti dájú, iṣẹ́ ti dájú nìyẹn, ẹni tó kọ́ṣẹ́ á mọ̀ pé òun lè fi bọ́ ọmọ. Ó yàtọ̀ sí kí wọ́n kàn kọ ọ́ sínú òfin pé èdè náà wà. Uganda ti mẹ́nu kàn án nínú ìwé òfin wọn láti 1995, New Zealand sọ tiwọn di èdè ìjọba ní 2006, South Africa fi tiwọn ṣe èdè ìjọba kejìlá ní 2023. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀, òfin ló ń fún èèyàn lẹ́nu láti béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń béèrè ṣì gbọ́dọ̀ rí wákàtí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí.

OjúNiMoFiŃGbọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbàgbé àwa.

Adití náà lè ṣe ògbufọ̀. Èmi gan-an ń ṣe é. Bàbá àgbàlagbà kan tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́ rí, àmì ilé wọn nìkan ló mọ̀, ògbufọ̀ tó ń gbọ́ràn ò lè bá a sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ náà máa ń fi èdè adití tó wọ́pọ̀ bá mi sọ ọ́, èmi á wá fi ara, ojú, àwòrán àti àmì ilé bàbá náà sọ ọ́ títí yóò fi yé e, n ó sì dá èsì padà. Lọ́sẹ̀ kan, a fi wákàtí méjì ṣàlàyé fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ pé ilẹ̀ tó wà lórí ìwé kì í ṣe ilẹ̀ tó ń gbé. Ọdún mẹ́ta ni ẹjọ́ náà ti wà nílẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé kò ní làákàyè.

Àwọn adití tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí pọ̀ tí wọ́n jókòó láìníṣẹ́. Ẹ kọ́ wọn, ẹ fún wọn níwèé ẹ̀rí. Ẹ ò ní wá wọn jìnnà.

Adéwálé_Tẹ́kì

N ò mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà rárá. Ẹ ṣeun. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò tí èèyàn fi ń gba àyè sílẹ̀ lórí fóònù. Bí ẹ bá fẹ́ kí n ṣe ọ̀kan tí adití á fi rí ògbufọ̀ tó ráyè, tó máa sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti irú iṣẹ́ tó kọ́, mo máa ṣe é. Àmọ́ mo fẹ́ kí adití méjì jókòó tì mí láti ìbẹ̀rẹ̀.

OjúNiMoFiŃGbọ́

Mo wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ni ẹnì kejì.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo ní kí n rí ibi tó máa já sí ná.

Mo ṣe bí bọ̀dá OjúNiMoFiŃGbọ́ ṣe wí, mo bi aláìsàn náà. Mo ya àwòrán èèyàn méjì tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ sínú ìwé, mo kọ "Ta lo fẹ́?" sábẹ́ ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló kọ orúkọ obìnrin kan àti nọ́ńbà rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti mọ ẹni tó fẹ́ látìgbà yìí, àwa ni ò béèrè.

Ìlú tí obìnrin náà ń gbé jìn, ọwọ́ rẹ̀ sì kún. Ó ní òun lè wá ní Ọjọ́rú lórí fídíò, kí òun sì wá fúnra òun ní àárọ̀ iṣẹ́ abẹ. Ó ní kí dókítà fi ìwé àlàyé ránṣẹ́ sóun ṣáájú. Dókítà kọ́kọ́ ráhùn, àmọ́ mo ka ọ̀rọ̀ ỌmọAdití nípa bàbá rẹ̀ sí i létí. Kò sọ nǹkan kan. Ó lọ tẹ ìwé náà fúnra rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, a gbé kọ̀ǹpútà síwájú aláìsàn wa, a ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sójú rẹ̀. Dókítà tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé orí jẹjẹrẹ, mo rí i tí obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Ìbéèrè mẹ́tàdínlógún, mo kà á. Oṣù méjì ló ti ń wá sọ́dọ̀ wa, kò béèrè ẹyọ kan rí. Ó ní kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú ní ọjọ́ mẹ́rin kí àbúrò òun lè dé. Wọ́n gbà.

Ọmọ náà jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo àkókò yẹn. Nígbà tí mo jáde, ó dìde fùú, ó ní, "Ṣé kí n wọlé wá sọ ọ́ fún wọn?" Mo ní rárá, àǹtí kan ti ń sọ ọ́. Ó wo ilẹ̀kùn náà fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí bóyá òun lè lọ ṣeré níta.